Àdúrà Tí Màmá Mi Gbà fún Ṣọ́ọ̀bù Tuntun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí, kí n ro ẹjọ́ tó wà lọ́kàn mi fún yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá gbé fóònù, inú á bí mi, màá sì gbé e sílẹ̀. Lónìí, màá kọ ọ́ tán!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé Kokomlemle ni wọ́n bí mi sí, lẹ́yìn Circle ní Accra níbí, nínú ilé àgbàlá kan tí onílé rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ga, àwọn tó ni ìlú Accra. Ojúde ilé yẹn náà ni màmá mi ti ń tajà lábẹ́ páànù: gàrí, ẹ̀wà, àlùbọ́sà, àti ọṣẹ dúdú tí àwọn ará ibí ń pè ní alata samina. Àwa Yorùbá ni wọ́n ń pè ní Alata, torí náà ọṣẹ wa ni! Gbogbo àdúgbò ló mọ màmá mi sí Maame Alata. Ọ̀fà ni wọ́n ti wá, àmọ́ tẹ́ ẹ bá sọ fún wọn pé àlejò ni wọ́n ní Kokomlemle, wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ dalẹ́.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ilé alájà ti ń hù ládùúgbò wa. Wọ́n á wó ilé àgbàlá kan, wọ́n á fi páànù yí ilẹ̀ náà ká, kẹ́ ẹ tó mọ̀, ilé gíga ti dúró síbẹ̀, tòun ti jẹnẹrétọ̀. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kì í bá wa sọ̀rọ̀, àwa náà kì í bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìgbà tó yá ni ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan wá ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa gan-an. Ẹ ò rí ṣọ́ọ̀bù! Gíláàsì láti òkè délẹ̀, ẹ́síì tó ń fẹ́ dé títì. Tòmátì tí wọ́n wé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tuntun. Wàràkàṣì láti ìlú òyìnbó tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì fi owó gegere lé e lórí. Gàrí náà wà níbẹ̀ o, gàrí inú ìgò! Ta ló ń rọ gàrí sínú ìgò?

Ọ̀rọ̀ náà pín àdúgbò sí méjì. Antí Dede, ọ̀rẹ́ màmá mi, ọmọ Ga tó ń ta kẹ́ńkẹ́ tí wọ́n fi àgbàdo ṣe àti ẹja díndín ní ọ̀kánkán wa, ní ohun rere kan ò lè tibẹ̀ wá. Ó ní ẹni tó fi gíláàsì ṣe ògiri fẹ́ ká máa wò ni, kò fẹ́ ká wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ ní rárá o, iṣẹ́ dé, iná á máa tàn ní títì, wọ́n á sì bo kòtò tó ń rùn. Lóòótọ́, wọ́n bo kòtò náà.

Màmá mi ńkọ́? Wọn ò sọ pé ó dáa, wọn ò sọ pé kò dáa. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, àgbà wo ló ti wá gbàdúrà fún ṣọ́ọ̀bù náà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sáàárín àwọn ìyá oníṣòwò wa ní Accra, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ìsọ̀ tuntun, kódà kó jẹ́ ọjà kan náà lẹ jọ ń tà, àgbà tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú gbọ́dọ̀ lọ kí i. Á mú iyọ̀ àti súgà dání, á ra ọjà àkọ́kọ́, á sì ṣàdúrà. Màmá mi kì í fi í ṣeré rárá. Lójú tiwọn, ìsọ̀ tí àgbà ò ṣàdúrà sí dà bí ọmọ tí wọn ò sọ lórúkọ.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, tibí yìí yàtọ̀. Wọ́n ní máníjà, wọ́n ní kọ̀ǹpútà. Wọn ò nílò wa."

Wọ́n ní, "Ṣé máníjà ò fẹ́ kí ọjà òun tà ni? Sikira, gbé súgà yẹn. Dede, yɛnkɔ, ká máa lọ!"

Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà, sikiọ́ríìtì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ wọlé láti ìta. Ẹ gbọ́ ná, sínú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ! Ojú ti ń tì mí, mo ti fẹ́ yí padà, ni máníjà bá jáde sí wa. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, Kweku lorúkọ rẹ̀, kò tíì pẹ́ tó ti London dé. Mo ṣàlàyé ohun tá a bá wá fún un. Ojú rẹ̀ tàn, ó ní, "Ei, Maame, akwaaba paa!" pé ẹ káàbọ̀ gan-an.

Màmá mi dúró láàárín tòmátì àti wàràkàṣì, wọ́n gbọ́wọ́ sókè. Àdúrà náà ò yàtọ̀ sí èyí tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré. Ajé á wá yín wá. Ẹ ò ní tà ní àdánù. Ẹni tó bá rà lónìí á padà wá lọ́la. Wọ́n wá fi èyí tí wọ́n máa ń fi parí kún un: "Ọlọ́run á jẹ́ kí ibí yìí kéré fún yín!" Antí Dede ò gbọ́ Yorùbá kankan, àmọ́ tí màmá mi bá ti dánu dúró díẹ̀, á pariwo pé, "Hiao!" Àmín tàwọn Ga nìyẹn.

Kweku bi mí pé kí ni ìtumọ̀ èyí tó kẹ́yìn. Mo ní kí ọjà àti oníbàárà pọ̀ títí inú ṣọ́ọ̀bù ò fi ní gbà wọ́n mọ́. Ó pàtẹ́wọ́! Ó ní òun gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ya màmá mi ní fótò. Màmá mi wá ra gàrí inú ìgò, wọ́n sì béèrè èènì lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó ń gbowó. Ọmọ náà wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó wo màmá mi, ó tún wo ẹ̀rọ. Kò mọ ohun tí òun máa tẹ̀! Èmi àti Antí Dede rẹ́rìn-ín títí a fi délé.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, ó kọ́kọ́ dáa. Àwọn tó gbé mọ́tò wá síbẹ̀ á tún yà ra àlùbọ́sà lọ́dọ̀ màmá mi. Ṣọ́ọ̀bù náà ń kún sí i. Ó kún débi pé wọ́n ń to páálí síta, mọ́tò àwọn oníbàárà ń dí ẹnu ọ̀nà wa. Èmi ń ráhùn, inú màmá mi ń dùn! Wọ́n á ní, "Ṣé o rí i? Àdúrà mi gbà." Wọ́n ń fi yangàn fún gbogbo ẹni tó bá wá ra gàrí.

Antí Dede ló kọ́kọ́ lọ. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní òórùn ẹja rẹ̀ ń wọ inú ṣọ́ọ̀bù, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ní kó gbé ìkòkò rẹ̀ kúrò ní títì. Kò bá màmá mi jà. Kò tiẹ̀ sọ pé ṣebí òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ì bá sàn kó sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Adjeley dé. Adjeley ni ọmọ onílé wa. Bàbá rẹ̀ ti kú, Kánádà lòun ń gbé, àmọ́ èmi àti ẹ̀ la jọ ṣeré nínú àgbàlá yẹn nígbà tá a wà ní kékeré. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì màmá mi, ó mu omi tí wọ́n gbé fún un, ló bá bú sẹ́kún. Ó ní òun àti àwọn àbúrò òun ti ta ilé. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló rà á.

Màmá mi ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ilé ògbólógbòó wa ṣe?

Adjeley nu ojú rẹ̀ nù. Èdè Twi ló fi dá wọn lóhùn, ó sì yé wọn yékéyéké. Ó ní, "Maame, wọ́n ní ibẹ̀ ti kéré fún wọn."

Mo yíjú sí màmá mi. Ohun tó jáde lẹ́nu wọn ni, "Àmín." Títí dòní, mi ò rò pé wọ́n mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu wọn.

Mo lọ bá Kweku. Mi ò jà, ẹ̀bẹ̀ ni mo lọ bẹ̀. Mo ní kó bá wa sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n fi ojúde nìkan sílẹ̀ fún màmá mi. Ẹ wò ó, Kweku kì í ṣe èèyàn burúkú, ìyẹn ló tún wá dùn mí jù! Ó ní òun kọ́ ni òun ń pàṣẹ. Ó wá nàka sí ògiri níbi tí wọ́n ti ń gbowó. Fótò màmá mi ló wà níbẹ̀, nínú férémù, ọwọ́ wọn wà lókè, ẹnu wọn là sílẹ̀. Ó ní gbogbo ìgbà tí ọjà bá tà ni òun máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Maame. Ó di èso sínú apẹ̀rẹ̀ fún mi pé kí n gbé e lọ fún wọn. Mo gba apẹ̀rẹ̀, mo dúpẹ́, mo jáde. Ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa ṣe?

A kó lọ sí Madina, àdúgbò mìíràn ní Accra níbí, sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi. Wọ́n wó ilé náà. Ibi tí yàrá wa wà, mọ́tò ni wọ́n ń gbé sí báyìí. Mo gba ibẹ̀ kọjá nínú trotro, ọkọ̀ akérò wa níbí, mi ò lè sọ pàtó ibi tí ojúde wa wà.

Wọ́n ti lé màmá mi rí ní Gánà yìí, nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì máa lọ sílé. Wọ́n máa ń fi ìtàn yẹn pa wá lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, bí ìyá wọn ṣe gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná wọ ọkọ̀ torí kò fẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọn kì í sọ ọ́ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wọ́n kàn ṣàdéédéé sọ pé, "Ìyẹn, ìjọba ló lé mi. Èyí, ẹnu mi ni." Mo sọ fún wọn pé owó ló ra ilé, kì í ṣe àdúrà. Wọ́n ní ó dáa, mo gbọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin Yorùbá kan ṣí ìsọ̀ kékeré sí Madina, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí màmá mi ń gbé tábìlì wọn kalẹ̀ sí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ wá fi ẹnu àgbà gbàdúrà fún mi." Wọ́n dìde. Mo gbé iyọ̀ àti súgà tẹ̀ lé wọn. Ajé á wá ẹ wá. O ò ní tà ní àdánù. Ẹni tó bá rà lónìí á padà wá lọ́la. Mo ń dúró de èyí tó kẹ́yìn. Ọmọ náà ṣì tẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ń retí rẹ̀, torí ọmọ oníṣòwò lòun náà, ó mọ ibi tí àdúrà náà ń lọ. Màmá mi gba iyọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e lé orí tábìlì ọmọ náà, wọ́n sì jáde.

Ẹ̀kọ́ wo ni kí n wá sọ pé mo kọ́? Èyí tí mo rí kọ́ ò dùn rárá: kẹ́ ẹ tó gbàdúrà kí ilé ẹlòmíràn gbòòrò, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ẹni tó ni ilẹ̀ tẹ́ ẹ dúró lé. Àwa ò ni tiwa. A kàn ti pẹ́ níbẹ̀ ni, a wá rò pé bákan náà ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ní Accra tàbí níbòmíràn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, gbogbo ẹ̀ ni màá kà. Tẹ́ ẹ bá sì mọ àdúrà mìíràn tá a lè fi rọ́pò "ibí yìí á kéré fún yín", ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́. Ọmọbìnrin yẹn ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ló dé tí wọn ò parí àdúrà òun, mi ò sì mọ ohun tí mo máa sọ fún un.