Koríko Odò Méje

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni mo wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Minna. Koríko odò kan péré ni òyìnbó tó ń kọ́ wa ní kí n mú wá fún ìdánwò tí yóò sọ mí di tíṣà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ pé: gbòǹgbò, ọ̀pá, ewé àti òdòdó.

Àwọn koríko odò jọra wọn bí ìbejì. Àwọn kan ní ọ̀pá onígun mẹ́ta tí inú rẹ̀ kún. Ìyẹn kò ṣòro. Àwọn tó ní oríkèé, tí inú wọn ṣófo, ni wàhálà. Àfi kéèyàn wo irun wínníwínní ìdí ewé wọn àti irun funfun inú òdòdó wọn kó tó mọ ẹbí tí wọ́n ti wá. Láìsí òdòdó, àbá lásán lèèyàn ń dá.

Mo rìn dé fàdámà, àbàtà ọ̀nà Maikunkele, mo wọ ẹrẹ̀ dé orúnkún, eṣúṣú mu ẹ̀jẹ̀ mi yó, mo sì hú méje tó pé. Mo tẹ́ wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sọ fún bàbá mi, tí wọ́n ń kọ́ni ní kéú níwájú ilé, pé òyìnbó ni mo fẹ́ gbé wọn fún lọ́la. Mo wá lọ wẹ̀, mo sùn díẹ̀.

Kí n tó jí, Bàbá ti gé gbòǹgbò, wọ́n ti bó ewé, ewúrẹ́ ti jẹ òdòdó tán. Kálámù tí wọ́n fi ń kọ wàláà ni wọ́n fi koríko mi gbẹ́, gbogbo rẹ̀ ń dán.

“Ṣé ìdọ̀tí yẹn lo fẹ́ gbé síwájú òyìnbó?” ni wọ́n wí. “Mo ti bá ọ tún un ṣe.”

Koríko odò kì í wọ ilé wa fún ohun mìíràn. Mo sáré padà sí fàdámà. Àwọn àgbẹ̀ ti sun ún.

Lọ́jọ́ kejì, òyìnbó yẹ kálámù náà wò, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, ó béèrè òdòdó. Ó ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Odidi ọdún kan! Inú bí mi débi pé mo da gbogbo kálámù náà sí gọ́tà.

Bàbá ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n béèrè èyí tí òyìnbó mú níbẹ̀.

Mo ní gbogbo rẹ̀ ló kó.

Wọ́n tẹ́wọ́ méjèèjì, wọ́n ṣe àdúà gígùn fún ọkùnrin náà. Èmi náà ń ṣe àmín.