Ẹsẹ̀ Ìbọn Tí Mo Rà Nítorí Bàbá

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó lè fi odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yan irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹ má wá a jìnnà. Èmi nìyí ní àdúgbò Park Hill, èmi àti ikùn mi. Iṣẹ́ síkiọ́rítì ni mò ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ilé gíga kan ní Manhattan. Àwọn tó ń wọlé máa ń rò pé kámẹ́rà ni mò ń wò. Irọ́ ni. Báípọ́ọ̀dù ni mò ń wò lórí fóònù, ìyẹn ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n máa ń so mọ́ iwájú ìbọn kí ó má bàa mì nígbà tí èèyàn bá dọ̀bálẹ̀ yìn ín sí àmì tó wà lọ́nà jíjìn.

Bàbá kan láti àdúgbò St. Albans, tí a mọra ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló fà mí wọ eré ìbọn yíyìn yìí. Bàbá kì í yìnbọn mọ́, atẹ́gùn ló ń kà. Á jókòó sẹ́yìn ẹni tó ń yìnbọn, á fi awò tó ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú wo bí koríko ṣe ń tẹ̀ lọ́hùn-ún, á wá sọ ibi tó yẹ kí ìbọn kọjú sí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú rẹ̀, àwọn ará ẹgbẹ́ ayìnbọn wa ti ń kùn pé kò ríran dáadáa mọ́. Olórí ẹgbẹ́ wá ní kí Bàbá ka atẹ́gùn fún ọta márùn-ún lọ́jọ́ Sátidé kan. Bí mẹ́ta bá wọ àárín àmì, àyè rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Bí kò bá wọ̀ ọ́, kó gbé e fún ẹlòmíràn. Bàbá ní èmi ni òun fẹ́ kó yìnbọn náà.

"Ọmọ mi, ra ẹsẹ̀ ìbọn tó dáa," ó sọ fún mi. "Kó kúrú, kó fẹ̀, kó di ilẹ̀ mú. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ka gbígbọ̀n tìẹ mọ́ mi lọ́rùn."

Mo kọ etí ikún sí i. Èyí tó ga ni mo rà, torí mo rò pé bí ìbọn bá ga, ikùn mi á rí ibi sinmi. Nígbà tí a gbé e dé pápá, orí mi yọ sókè bí orí alángbá, ìbọn sì ń jó. Bàbá kàn bi mí bóyá àga ni mo rà. Mo dá a padà, mo ra èyí tó kúrú. Ó dúdú, ó ń dán, ó wù mí débi pé mo gbé e sórí tábìlì oúnjẹ. Ìyàwó mi béèrè bóyá ó máa bá wa jẹun.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, a wakọ̀ fún wákàtí mẹ́ta kí a tó dé pápá, níbi tí àwọn ará ẹgbẹ́ ti ń retí wa. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí pákó. Ìdọ̀bálẹ̀ kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá, dídìde ni wàhálà mi. Ọta kìíní lọ sọ́tùn-ún. Èkejì lọ sósì.

"Bàbá, ó dà bíi pé atẹ́gùn ti yí padà, sà," ni mo wí. Ó tún atẹ́gùn kà. Ẹ̀kẹta wọlé, ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún tún ṣáko lọ. Ẹyọ kan péré nínú márùn-ún.

Bàbá dé ojú awò rẹ̀. "Ojú ti lọ," ó ní. "Kí ẹlòmíràn gbà á."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, inú mi tún dùn díẹ̀ pé kò sẹ́ni tó bú mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹsẹ̀ ìbọn náà, nǹkan kan sì dún wẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rá ni, èyí tó mọ́ gaara, tí wọ́n fi wé rọ́bà ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ náà láti ilé iṣẹ́ tó ti wá. Mi ò bọ́ ọ. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wa ṣì wà nínú ọ̀rá láti ọdún mẹ́rin, àwọn àga wa náà wà nínú tiwọn. Lójú mi, ẹni tó bá bọ́ ọ̀rá ohun tuntun kò mọ nǹkan tọ́jú. Bí mo ṣe ń yìnbọn ni irin olówó ńlá mi ń yọ̀ lórí pákó bí ẹni tó tẹ ọṣẹ.

Kò sẹ́ni tó rí i. Mo ti ń ti ọ̀rá náà bọ àpò nígbà tí mo rí Bàbá tó ń fi ọwọ́ táràrà wá síìpù báàgì awò rẹ̀, tí kò rí i. Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀ tì í.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe ojú yín. Èmi ni." Mo fi ọ̀rá náà sí i ní àtẹ́lẹwọ́, mo sì ṣàlàyé.

Ó fi ìka ra á títí. Mo ń retí èébú, ó sì tọ́ sí mi.

"Atẹ́gùn yẹn ńkọ́?" ó bi mí. "Ṣé mo kà á dáadáa?"

"Ẹ kà á dáadáa, sà."

"Sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì," ó ní, "kí àwọn ará ẹgbẹ́ yẹn gbọ́."

Mo dìde, mo gbé ọ̀rá náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i, mo sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.