Àárọ̀ Tí Bàbá Sáfù Ti Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ńjìnnì Mi

Ẹ fún mi láyè lónìí kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nílùú Ìlọrin, nígbà tí orúnkún mi ṣì gbọ́ tèmi. Ó pẹ́ tí mo ti panu mọ́ nítorí ẹbí. Ó tó gẹ́ẹ́! Àṣírí ta ni mo tún ń bò?

Ó kù díẹ̀ ká wọ 1990. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí, wọ́n sì gbé mi lọ sí ilé-ìwé kan lábúlé, láàárín àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì ń sin ewúrẹ́. Bí kì í bá ṣe ọjọ́ ọjà, mọ́tò kì í lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti ojú títì wọ abúlé náà, mo sì máa ń pẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá tún pẹ́, òun á ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Iṣẹ́ tí mo forí ṣe fọrùn ṣe kí n tó kàwé rẹ̀ tán!

Àwọn tíṣà ọkùnrin ń gun máṣíìnì. Apá tèmi ò ká máṣíìnì. Ṣùgbọ́n bàbá mi fi kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan sílẹ̀ fún mi, àti ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó fi ń fa omi sóko rẹ̀. Mo jókòó, mo ya àwòrán bí méjèèjì ṣe lè di ọ̀kan, mo gbé e tọ wẹ́dà kan lọ ní Challenge, nígboro Ìlọrin.

Ó wo bébà, ó wo ojú mi. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ọ̀gá wa nílé ló máa gùn ún?"

Mo ní èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jó irin náà pọ̀ fún mi bí mo ṣe yà á.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò ní kúlọ́ọ̀ṣì tó ń já ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà, ẹ́ńjìnnì náà sì ti gba àyè pẹ́dà. Bí táyà bá ti dúró, ẹ́ńjìnnì kú nìyẹn! Kó tó tún jí, àfi kí n gùn ún sọ̀kalẹ̀ láti ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tàbí kí ẹnì kan tì mí látẹ̀yìn. A dúpẹ́ pé ẹ̀yìn agbo ilé ọkọ mi tí à ń gbé ga ju iwájú lọ. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá mi ni mo ti ń jẹ́ kó yí bọ̀, á ké pó-pó-pó, á tu èéfín, mo sì ti ń lọ nìyẹn. Mo ń wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, mo sì ń so ìborùn mi pinpin. Ara mi kò sí níta o, kí ẹnikẹ́ni má wá purọ́ mọ́ mi!

Ibo wá ni ìjà ti dé? Iwájú agbo ilé ni àwọn àgbà máa ń jókòó sí lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ẹni tó bá mọ Ìlọrin mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í kọjá níwájú wọn láìkúnlẹ̀. Ẹni tó ru omi pàápàá á wá bó ṣe máa ṣe é. Bí èmi bá sọ̀kalẹ̀ kúnlẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kú sínú yanrìn tó tẹ́jú, ta ló máa tì mí? Nítorí náà, mo ń tẹrí ba lórí rẹ̀, mo ń pariwo, "Sàlámù àlékùm o, ẹ̀yin bàbá! Ẹ káàárọ̀ o!" Kí wọ́n tó dáhùn, mo ti kọjá.

Bàbá Sáfù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kò gbà. Ọkùnrin yìí kò fẹ́ràn mi láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó ní ìwé ti pọ̀ jù lórí mi. Ó pe gbogbo ẹbí jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mágàjí, bàbá arúgbó tó jẹ́ olórí agbo ilé wa.

"Ìyàwó tó ń kí àgbà látorí irin!" ló ń wí. "Ẹ ti gbọ́ irú ẹ̀ rí? Kó tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kó sì wá jókòó sílé ọkọ rẹ̀!"

Ìyàwó rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀ látẹnu ọ̀nà: "Ìyàwó Ẹlẹ́ńjìnnì! Ṣé Mẹ́kà lò ń gùn ún lọ ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi ńkọ́? Ó ń wo ẹní tó jókòó lé. Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní torí pé ó ti kú kí n purọ́: kò gbèjà mi.

Mágàjí ní kí èmi náà sọ tẹnu mi. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mi ò kọ ìkúnlẹ̀. Láti ọ̀la, màá sọ̀kalẹ̀, màá kúnlẹ̀ títí Bàbá Sáfù á fi ní kí n dìde. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì mi á kú. Ẹni tí mo torí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ni kó tì mí kó tún jí, torí àwọn ọmọ kan ń dúró dè mí."

Bàbá Sáfù fò dìde. "Èmi? Kí n máa ti obìnrin kiri?"

Mágàjí rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ó ní ọ̀rọ̀ mi gún. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìkúnlẹ̀, kó múra láti ti kẹ̀kẹ́. Ó tẹ́wọ́, ó ṣe fátíà, àdúrà tí a fi ń dé ọ̀rọ̀. Lágbo ilé wa, ọ̀rọ̀ tí a bá ti ṣe fátíà sí, kò sẹ́ni tó ń tún un tú!

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹni tí kì í tètè jí pàápàá ti jókòó síta. Mo gùn ún bọ̀, mo sọ̀kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kú. Mo kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Sáfù, mo béèrè àlàáfíà ara rẹ̀, mo béèrè ìyàwó, mo béèrè ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ lórúkọ. Ṣé kì í ṣe ìkíni ló fẹ́ ni?

Nígbà tí mo dìde, tí mo tún gun kẹ̀kẹ́ mi, Mágàjí ní, "Ó yá o, ìwọ là ń wò."

Agbádá funfun tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ ló wà lọ́rùn Bàbá Sáfù. Ó di kárírà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú, ó tì. Kò jí. Ó tún tì, yanrìn kún bàtà rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ń ké pé kó fi agbára kún un, ohùn ìyàwó tirẹ̀ ló sì ga jù: "Bàbá Sáfù, ẹ tì í bí ọkùnrin!" Ẹ́ńjìnnì ké pó! Ó tu gbogbo èéfín dúdú rẹ̀ sí agbádá náà láyà. Ṣé mo bojú wẹ̀yìn? Mo bojú wẹ̀yìn dáadáa!

Ní àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn tí Bàbá Sáfù ti dìde, tó ń ju ọwọ́ sí mi látòkèèrè: "Máa lọ! Máa lọ! A ti dáhùn!"

Mi ò pẹ́ dé ilé-ìwé mọ́ láti ìgbà náà, kò sì sẹ́ni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Kódà, mo di ọ̀gá ilé-ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó bí mi nínú. Láìpẹ́ yìí, níbi àdúrà tí wọ́n ṣe fún òkú Bàbá Sáfù, ọmọ rẹ̀ kan gba máíìkì. Ó ní bàbá àwọn fẹ́ràn ẹ̀kọ́ obìnrin débi pé láràárọ̀ ló ń bá mi ti kẹ̀kẹ́ kí n lè tètè débi iṣẹ́. Àwọn èèyàn ń kígbe "Àláú àkíbárù!" Láràárọ̀ kẹ̀?

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: bí ẹni tó dí yín lọ́nà bá kú, tí ẹ sì dákẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ á ní òun ló la ọ̀nà fún yín. Ẹ má dákẹ́!

Ẹ̀yin ńkọ́? Irú máṣíìnì wo lẹ kọ́kọ́ gùn, tàbí kí lẹ fọwọ́ ara yín tò pọ̀ nígbà èwe? Ta ló ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má fi orúkọ onítọ̀hún pamọ́. Èmi ti dárúkọ tèmi.