Bí Ẹyẹ Ṣe Bá Mi Kí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi ní Grayson níbí, nítòsí Atlanta, lóṣù tó kọjá. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ọwọ́ mi ti le jù. Kò le! Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọmọ mi obìnrin, Fèyí, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Atlanta la bí i sí, torí náà Yorùbá rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ já gaara, ohùn rẹ̀ á lọ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀. Àmọ́ ó máa ń kúnlẹ̀, ó sì máa ń kí èèyàn. Kí ni mo tún ń wá?

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Aunty Dúpẹ́, ń gbé ní Dacula. Gbogbo àárọ̀ Saturday ni wọ́n máa ń yà sọ́dọ̀ wa ká tó jọ lọ sí choir practice. Tí Fèyí bá kúnlẹ̀, tó ní "Ẹ káàárọ̀ mà," Aunty ò ní dáhùn. Wọ́n á kọ́kọ́ sín in jẹ, wọ́n á máa fi imú sọ̀rọ̀ bí òyìnbó, wọ́n á wá ní kó tún un kí. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó di ẹ̀ẹ̀marùn-ún, orí ìkúnlẹ̀ lọmọ mi ṣì wà.

Ẹ dákun, kí ọmọdé kí àgbà kí àgbà má dá a lóhùn, ta là ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún nílẹ̀ wa tí kì í ṣe ọ̀tá?

Saturday kan wá wà tí àwọn obìnrin méjì láti choir bá wa jókòó. Aunty sín Fèyí jẹ tán, wọ́n nawọ́ sí ẹyẹ tí Fèyí ń sìn nínú kéèjì, wọ́n ní:

"Ẹyẹ yẹn á mọ̀ ọ́n kí kí ìwọ tó mọ̀ ọ́n kí."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n ọkọ ni, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, Fèyí ò fi Yorùbá kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ní church, ẹ̀yìn mi ló ń sá sí. Tí ìyá mi bá fi video pè láti Abẹ́òkúta, "Hi Grandma" ló máa sọ, á sì gbé fóònù fún mi. Ìyá mi bi mí bóyá ọmọ náà ń bínú sí àwọn ni. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé Aunty máa jẹ iyán wọn níṣu.

Mo ní ó dáa, ẹyẹ lẹ fẹ́ kó kí yín, ẹyẹ náà ló máa kí yín. Lójú gbogbo èèyàn ni màá wá bi yín bóyá òun náà ò kí dáadáa. Mo tiẹ̀ ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún wọn sínú fóònù mi. Ó gùn!

Nugget lorúkọ ẹyẹ náà. Cockatiel ni, kì í ṣe odídẹrẹ́. Ó kéré, ìyẹ́ kan dúró ṣánṣán lórí rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún. Mo pe obìnrin tí a rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Buford, mo bi í bóyá irú ẹyẹ yìí lè sọ̀rọ̀. Ó ní akọ wọn lè sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, pé súfèé ló rọrùn fún wọn jù, àti pé ẹni tí wọ́n bá fẹ́ràn ni wọ́n máa ń fara wé. Ó dùn mọ́ mi pé akọ ni Nugget.

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo gba ohùn ara mi sílẹ̀, "Ẹ káàárọ̀ mà," ohùn tó já geere. Mo ń tan án fún un láàárọ̀ kí n tó lọ sí shift, mo tún ń tan án tí mo bá dé. Odindi oṣù kan ààbọ̀! Ṣé ẹ mọ ohun tí Nugget kọ́? Bí microwave ṣe ń dún. Ó dà bíi kí n fi ṣe ọbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n tètè dá wa sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo gba ẹnu ọ̀nà garage wọlé, mo gbọ́ ohùn Fèyí. Ó jókòó ti kéèjì, ó ń rọra sọ ọ́ léraléra, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ káàárọ̀ mà." Ọmọ tí kò kí ẹnikẹ́ni mọ́, ẹyẹ ló ń kí! Mo fara pamọ́ síbẹ̀, mo sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo pa ohùn tèmi rẹ́ nínú fóònù, kó lè jẹ́ ti Fèyí nìkan ni Nugget á máa gbọ́.

Saturday pé, Aunty dé, àwọn obìnrin choir méjèèjì náà dé. Mo gbé tíì àti àkàrà kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ nǹkan kan tí Nugget fi na ọrùn, tó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà!"

Aunty dìde dúró. "Káàárọ̀ o, ọmọ dáadáa! Ṣé o sùn dáadáa?" Wọ́n gbé fóònù jáde, wọ́n ń ya á, wọ́n ní kí gbogbo wa wá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹyẹ.

Mo ti fẹ́ dìde lọ mú fóònù tèmi, kí n ka ọ̀rọ̀ tí mo kọ síbẹ̀. Fèyí ló ṣáájú mi, láti orí àtẹ̀gùn.

"Aunty, èmi ni mo kọ́ ọ. That's how I say it. But you answered him."

Ohùn Fèyí gan-an ni ohùn ẹyẹ náà, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ. Aunty la ẹnu, wọ́n tún pa á dé. Ṣé mo bá wọn wá ọ̀rọ̀ sọ? Rárá o! Mo bu àkàrà síwájú wọn, mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Nugget ò sì dákẹ́. Bí ilé bá ti pa rọ́rọ́ báyìí, "Ẹ káàárọ̀ mà!"

Mi ò tọrọ àforíjì títí di òní. Lọ́sẹ̀ kejì, orúnkún Fèyí ò tíì kan ilẹ̀ tí Aunty fi dá a lóhùn. Wọ́n wá rọra bẹ̀ mí pé kí n máa gbé kéèjì náà lọ sókè tí àwọn bá ń bọ̀. Mo ní ẹ má bínú, mà, ẹyẹ tó mọ ìkíni, a kì í lé e kúrò láwùjọ.

Ẹ̀kọ́ tèmi ò gùn: tọ́mọ bá kí yín, ẹ dá a lóhùn, ẹ tún ohùn rẹ̀ ṣe tó bá yá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní cockatiel, kí ni tiyín ń sọ? Ẹ̀yin tí àgbàlagbà ti sín ọmọ yín jẹ rí, báwo lẹ ṣe san án? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á fún Fèyí. Ìyá mi pè lánàá, òun ló sáré gbé fóònù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kí wọn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì dáhùn.