Oṣù Tí Bàbá Ẹ̀pẹ́ Rí ní Ìbẹ̀ṣe

"Ẹ wò ó lọ́hùn-ún, lókè àwọn igi yẹn."

Bàbá nawọ́ síhà ibi tí oòrùn wọ̀ sí. Omi àti ẹ̀kọ tútù nìkan ni wọ́n fi ṣínu, lórí ìdúró náà sì ni. Ẹrẹ̀ etí ọ̀sà ti mù wá dé kókósẹ̀. Èéfín ẹja tí àwọn obìnrin ń yan ń ta wá lójú. Gbogbo ọkùnrin tó wà lẹ́yìn wa na ọrùn, èmi náà na tèmi, ṣùgbọ́n ìkùukùu òjò nìkan ni mo rí, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, pẹ̀lú ihò kékeré kan láàárín rẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ihò náà ti dí. Ọkùnrin kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ládùúgbò wa ló kọ́kọ́ pariwo: "Mo rí i o! Oṣù ti lé! Ó tín-ín-rín bí èékánná!" Ni gbogbo etídò bá hó yèè. Ààwẹ̀ tán nìyẹn.

Bàbá tó bí ìyá mi ni mò ń sọ. Ẹ̀pẹ́ ni ilé wọn, iṣẹ́ ẹja ni wọ́n sì ṣe níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ wọn fi kọ̀ṣẹ́. Nígbà tí ìyá wa àgbà kú, ìyá mi lọ mú wọn wá sí Ìbẹ̀ṣe, nítòsí Ìkòròdú, níbi tí òun ti ń yan ẹja tà. Wọn ò fẹ́ wá. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí ibi tí à ń lọ, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń wò títí kò fi sí nǹkan kan láti wò mọ́. Ní Ìbẹ̀ṣe, wọn kò ní ọkọ̀, wọn kò ní ọ̀rẹ́. Bàbá Ẹ̀pẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, bíi pé wọ́n kàn yà kí wa ni, wọ́n ń lọ lọ́la. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó níwájú ilé tí wọ́n ń tún àwọ̀n àwọn apẹja ṣe, okùn lẹ́nu, abẹ́rẹ́ onígi lọ́wọ́. Tí ilẹ̀ bá ṣú, èmi ni mo máa ń fi òrí ra orúnkún wọn. "Rọra, ìwọ ọmọ yìí," ni wọ́n máa ń wí. "Orúnkún ni, kì í ṣe iyán."

Ohun kan ṣoṣo ló bá wọn wá láti Ẹ̀pẹ́: òkìkí ojú wọn. Nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀, tí ààwẹ̀ bá ń parí lọ, ẹnu wọn ni ìlú ń wò. Tí wọ́n bá ní oṣù ti lé, ó ti lé nìyẹn. Oníṣòwò kan tó ń ti Ẹ̀pẹ́ wá ló sọ ọ́ fún Lèmọ́mù wa. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, nígbà tí òjò tètè bẹ̀rẹ̀, Lèmọ́mù ránṣẹ́ pè wọ́n pé kí wọ́n bá àwọn wá oṣù. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹnikẹ́ni ní Ìbẹ̀ṣe máa wá wọn fún nǹkan tó yàtọ̀ sí àwọ̀n tó ya. Fúnra wọn ni wọ́n fọ fìlà wọn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ ọdún náà dùn, kí n má purọ́. Nígbà tí a dé láti Yídì, abọ́ ìkọ́kọrẹ́ ń wọlé, abọ́ ẹran ń tẹ̀ lé e. Àwọn tí kì í dúró kí wa wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa. "Bàbá, ojú yín ò ní fọ́ o!" "Bàbá, ẹ ṣe é fún wa!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Agbo ilé kan ṣoṣo ló ń gbààwẹ̀ lọ ní tiwọn. Baálé wọn ní òun ò lè tìtorí ojú àjèjì jẹun, wọ́n sì tilẹ̀kùn mọ́rí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá ní kí n jẹ́ ká lọ sétídò kí àwọn fi oṣù ọjọ́ kejì hàn mí. Ojú ọ̀run ti mọ́ tónítóní. Oṣù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín bí òwú, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú igbó. "Oṣù ọjọ́ kejì kì í rí báyìí," ni wọ́n wí, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bí a ti dúró bẹ́ẹ̀, nǹkan mìíràn tún yọ lápá òsì, lókè díẹ̀. Ó funfun, ó tẹ̀ kọrọdọ, ó ń dán, kò dún, kò mira.

"Bàbá, oṣù di méjì!"

Wọ́n di èjìká mi mú. Nǹkan náà dúró títí, ó wá yí ẹ̀gbẹ́, dídán rẹ̀ pòórá, ó di kókó dúdú kan tó ní iná pupa. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ariwo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orí omi dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ òfúrufú ni, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí Ìkẹjà. Ojoojúmọ́ làwa ọmọdé ń pariwo sí i tó bá gba orí òrùlé wa kọjá, ṣùgbọ́n a ò dúró wò ó rí nígbà tó bá ń bọ̀ lókèèrè, tí oòrùn tó ti wọ̀ fún wa kò tíì wọ̀ fún un. Ní Ẹ̀pẹ́ ti Bàbá, kò sí èyí tó ń fò nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú agbádá ọdún lọ́rùn. "Ó rẹ̀ mí," ni wọ́n wí.

Ojú wa nìkan kọ́ ló rí oṣù tín-ín-rín yẹn. Nígbà tí a máa fi délé, Lèmọ́mù ti wà lórí bẹ́ǹṣì wa pẹ̀lú ọkùnrin tó ń kan ọkọ̀. Baálé tí kò bá wa túnu ààwẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ̀, kò jókòó.

"Ohun tí Bàbá ní kí n wò ni mo wò," ni ọkùnrin tó ń kan ọkọ̀ ń wí. "Èmi ò dá rí nǹkan kan o!"

Lèmọ́mù wa jẹ́ onínú tútù, àtàárọ̀ ló sì ti wà lórí ìdúró. Ó ní, "Bàbá, oṣù ọjọ́ kejì a máa tín-ín-rín nígbà mìíràn. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n wò jù wá lọ. Tí ẹ bá ti ní ọjọ́ kejì ni, ọ̀rọ̀ parí, kálukú á lọ sùn."

Gbogbo wa ń wo ẹnu wọn. Ìyá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fi ojú bẹ bàbá rẹ̀. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Gẹ́lẹ́ tí ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí wọn.

Bàbá ṣí fìlà. "Oṣù ọjọ́ kìíní lẹ rí yìí. Bàálù ni mo rí lánàá. Mo ṣìnà, mo sì mú gbogbo yín ṣìnà. Ààwẹ̀ ọjọ́ kan wà lọ́rùn wa."

"Mo ní kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ àjèjì," ni baálé wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lèmọ́mù mí kanlẹ̀. Ó ní Ọlọ́run á forí jì wá, a máa san án padà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá mi bú sẹ́kún. "Ẹ̀yin ò bá sì dákẹ́, Bàbá! Ta ló bi yín léèrè ọkọ̀ òfúrufú?"

"Ṣé kí n wá máa gbé irọ́ kiri ni?" ni Bàbá wí. "Eegun mi ò gbà á mọ́."

A san ààwẹ̀ náà. Àwọn obìnrin ń pòṣé lójú ọ̀nà odò: "Ààwẹ̀ Bàbá Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbà lónìí o." Abọ́ kankan kò wọlé wa mọ́, àfi àwọ̀n tó ya. Àwọn ọmọdé ló burú jù. Tí ọkọ̀ òfúrufú bá ti ń kọjá báyìí, wọ́n á sáré wá síwájú ilé wa: "Bàbá Ẹ̀pẹ́, oṣù yín ti lé o!" Mo bá wọn jà títí aṣọ mi fi ya. Bàbá kì í bú wọn. Wọ́n á na abẹ́rẹ́ àwọ̀n sókè, wọ́n á ní, "Ẹ ṣeun, mo ti rí i," wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kì í fi bínú. Wọ́n ní ìbínú máa ń rẹ àwọn.

Nígbà tó di ọdún kejì, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n dé fìlà wọn, a lọ, a dúró sọ́nà jíjìn níbi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Ooru mú púpọ̀ nínú ààwẹ̀ ọdún yẹn, kò sẹ́ni tí ara rẹ̀ le. Oòrùn wọ̀. Ìlú wò, wọ́n wò. Ẹnì kan ní òun rí nǹkan, ẹlòmíràn ní irọ́ ni. Mo rí i tí Lèmọ́mù yí padà, tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí gbogbo wọn sì ń tẹ̀ lé e.

"Bàbá, kí lẹ rí?"

Mo wo ojú wọn. Àwọn tó pòṣé náà ni. Baálé ọjọ́sí wà níbẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun. Gbogbo wọn fẹ́ kí Bàbá ṣáà ti wí pé oṣù ti lé. Ká ní wọ́n wí i ni, orí ni wọn ì bá fi gbé wọn délé. Bàbá tún wojú ọ̀run, wọ́n wò ó títí ojú wọn fi ń ṣomi.

"Mi ò rí i," ni wọ́n wí.

Kò sẹ́ni tó jiyàn. Àní ẹyọ ẹnì kan. Baálé yẹn ló kọ́kọ́ gbé agolo omi rẹ̀ nílẹ̀. "Ó tán," ni Lèmọ́mù wí, "ààwẹ̀ ni lọ́la." Kálukú bá tirẹ̀ lọ láti wá ohun tí wọ́n máa jẹ ní sààrì. Bàbá fara tì mí títí a fi délé, wọ́n sì wúwo gan-an. Ààwẹ̀ tí wọ́n gbà kẹ́yìn láyé nìyẹn.

Ọjọ́ orí mi ti ju tiwọn ìgbà yẹn lọ báyìí. Tí ẹbí bá ń jà nítorí ilẹ̀ tàbí ogún, èmi ni wọ́n máa ń wá bi pé ṣé mo wà níbẹ̀, ṣé ojú mi ló ṣe, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń fi ojú sọ èsì tí wọ́n fẹ́ fún mi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń wí pé mi ò rí i. Wọ́n á bínú, wọ́n á dìde lọ, ilé á sì pa lọ́lọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ń rẹ̀ mí, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ mìíràn bá tún ṣẹlẹ̀, èmi náà ni wọ́n á tún wá bi.