Màmá Gáídáǹsì Tó Dájọ́ Tó Tún Un Dá

Yéè! Ikú ṣe báyìí mú Màmá Gáídáǹsì lọ! Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń ti ọ́fíìsì dé pápá ìṣeré náà dákẹ́. Ó dìgbóṣe o, olùdámọ̀ràn wa nílé ìwé, abiyamọ tó ń fi ẹ̀rín báni wí.

Nígbà tí Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìpínlẹ̀, kò sí ọmọ ilé ìwé wa ní Ìkẹ́rẹ́ tí kò mọ ìdájọ́ yín: ọmọkùnrin tó bá mọ ìṣirò, ẹnjiníà, ọmọbìnrin tó bá mọ̀ ọ́n, nọ́ọ̀sì. Èmi Morẹ́nikẹ́, ẹ ní nọ́ọ̀sì ni. Mo sunkún títí, nítorí ẹ̀rọ ni ọkàn mi fẹ́. Ẹ tilẹ̀ wá sílé láti bá bàbá mi yọ̀.

Ọlọ́run mi tóbi! Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀rọ ìlọta ìyá mi kọṣẹ́. Ẹ bá mi lẹ́yìnkùlé, mo ti tú u palẹ̀, epo dúdú dé ìgbúnwọ́ mi. Ẹ fa àpótí, ẹ jókòó, ẹ ń wò mí. Nígbà tí mo tò ó padà, tí mo fa okùn rẹ̀ tó sì bú ramúramù, ẹ fò sókè, gèlè yín já bọ́, ẹ kígbe: “Uṣẹ́ ọmọ yìí rèé! Èmi ni mo ṣì í wò!” Màmá, títí dòní, orí mi ń wú tí mo bá rántí.

Bàbá mi ní ta ni yóò fẹ́ obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún epo. Ẹ dá a lóhùn kíá: “Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá dákú lójú ọ̀nà Emùré ni.” Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi gbà. Láti ìgbà náà, ẹ kì í yanṣẹ́ fún ọmọbìnrin kankan láìkọ́kọ́ bi í pé, “Kí lo máa ń ṣe tẹ́nikẹ́ni ò bá rán ọ níṣẹ́?” Àwọn olùkọ́ kan ní ẹ fẹ́ sọ obìnrin di ọkùnrin. Ẹ ní kí wọ́n máa wò.

Wọ́n wò ó, Màmá! Mo di ẹnjiníà. Ọkọ mi ńkọ́? Ojú ọ̀nà Emùré náà ni mo ti bá a, tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, tó ń làágùn!

Ó dùn mí pé ẹ lọ, ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yín kò jẹ́ kí n sunkún tán. Ọkọ̀ tí yóò gbé yín gba abẹ́ òkè Olósùnta lọ síbi ìsinmi, mo ti sọ fáwọn ọmọ yín pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Èmi ni n ó yẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò. Kò ní dákú lójú ọ̀nà. Ẹ sùn re o, Màmá mi.