Ohunkóhun Tó Bá Ti Mì

Àbúrò ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná ló gbé ẹ̀rọ náà wá sí Òsí nígbà ọdún Àjíǹde. Kò tóbi ju ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Bátìrì kéékèèké ló ń lò, ó ní ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n, bọ́tìnì pupa kan sì wà lábẹ́ ojú náà. Bí èèyàn bá ti ń tẹ̀ ẹ́, ìbọn ló ń yìn.

"Ìyàwó wa, ẹ wá wo ayé ọ̀tun!" Ó ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Géèmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Kò tíì sí irú rẹ̀ láti ibí títí dé Ìlọfà."

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi." Bí a ti ń pe àbúrò ọkọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo ń fọ ṣòkòtò ilé-ìwé rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé wọn.

Ìwé pélébé kan wà nínú páálí ẹ̀rọ náà. Nítorí pé mo ka sẹ́kọ́ńdìrì tán, èmi ni wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn ẹ̀dá kan ti gbéra láti inú ìràwọ̀ tó jìnnà réré, wọ́n ń bọ̀ wá gba ilé ayé, àti pé ẹni tó di ẹ̀rọ náà mú nìkan ni jagunjagun tó kù.

Ìyá ọkọ mi, tó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, gbójú sókè. "Kí ni wọ́n fẹ́ gbà?"

"Ayé ni, Ìyá. Wọ́n fẹ́ gbà á mọ́ wa lọ́wọ́."

"Ayé yìí náà? Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n mú ọkọ́ dání."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà gbà á, mo gbìyànjú rẹ̀ wò, kí wọ́n má baà ní mo ń bú ọbẹ̀ tí n kò tọ́ wò. Àwọn ará ìràwọ̀ ọ̀hún kò lójú. Àmì dúdú lásán ni wọ́n, bíi kòkòrò inú ẹ̀wà. Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, ò ń yìn wọ́n, wọ́n ń parẹ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí òkú, kò sí ẹni tí yóò sunkún. Ẹ̀rọ á ké "pí!", á sì fún ọ ní máàkì. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé kò fi àyè sílẹ̀ láti béèrè pé, ta nìyẹn? Bí o bá dúró béèrè, o ti kú nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, àlejò tó ti Odò-Ọwá lásán wá, omi la kọ́kọ́ ń fún un. Ẹni tó ti ìràwọ̀ wá ńkọ́?

Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò ọkọ mi pòṣé.

"Ìyàwó, eré ni o. Ẹ ti fẹ́ sọ ọ́ di ìwàásù."

"Ẹ máa fi ṣeré lọ ní Kàdúná. Mi ò fẹ́ ẹ lọ́wọ́ ọmọ mi."

Ṣùgbọ́n nígbà tó ń padà, ọmọ mi obìnrin ló fi í sílẹ̀ fún. N kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò ní bàbá, tí àbúrò bàbá rẹ̀ ra nǹkan fún, kí ni ǹ bá sọ?

Ìbọn ló pa ọkọ mi. Ọmọ yìí ṣì wà lẹ́yìn mi nígbà náà. Ìgbà ọyẹ́ ni. Àwọn ọkùnrin sun igbó lójú ọ̀nà Odò-Ọwá, wọ́n sì tò yí i ká láti yìnbọn fún ẹran tó bá ń sá jáde. Èéfín pọ̀. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi rí i tí koríko mì, ó sì yìn ín. Ọkọ mi ló wà níbẹ̀.

Ọkùnrin náà gbé ìbọn rẹ̀ wá síwájú bàbá ọkọ mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ tì í. Láti ọjọ́ náà kò fọwọ́ kan ìbọn mọ́. Ní gbogbo Sátidé ló ń wá bá mi kọ ebè lóko, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Bàbá Oko ni ọmọ mi ń pè é. Iṣu sísun ọwọ́ rẹ̀ dùn lẹ́nu ọmọ náà ju ìyán mi lọ. Ohun tí ìdílé fẹnu kò sí láti sọ fún ọmọ ni pé àìsàn ló pa bàbá rẹ̀, títí yóò fi dàgbà. Ẹ̀rù ọjọ́ tí yóò mọ̀ ń bà mí, ó sì ń ba ọkùnrin náà jù mí lọ. Ó ti sọ fún mi rí pé, "Ìyàwó wa, bó bá mọ̀, kò ní í pè mí ní Bàbá mọ́."

Ní Sátidé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde náà, ọmọ mi fi ẹ̀rọ náà pamọ́ sínú agbọ̀n oúnjẹ, ó gbé e dé oko. Ọkùnrin náà ń sinmi lábẹ́ igi emi. Mo ń já ewébẹ̀ nítòsí, mo ń gbọ́ wọn.

"Bàbá Oko, ẹ gbà! Ẹ yìn wọ́n!"

Ó gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Àwọn wo?"

"Àwọn tó ń bọ̀ yẹn! Ẹ tẹ pupa! Háà, Bàbá, ẹ lọ́ra bí ìgbín!"

"Mi ò rí ojú wọn ni, ọmọ mi."

"Ta ló ní kí ẹ rí ojú wọn? Ohunkóhun tó bá ti mì, ẹ ṣáà yìn ín!"

Ọwọ́ mi dúró lórí ewébẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin. Ó dìde, ó lọ dúró láàárín ebè, ṣùgbọ́n kò mú ọkọ́. Ẹ̀rọ ń ké lórí ilẹ̀ títí ó fi dákẹ́.

Ọmọ mi sáré wá bá mi. "Màmá, kí ni mo ṣe? Mo kàn ní ó lọ́ra ni. Eré ni mo ń ṣe."

Mo wo ọkùnrin náà. Ó mi orí sí mi pé kí n sọ ọ́.

Mo mú ọmọ mi jókòó, mo sọ ọ́ fún un bó ti rí. Pé kì í ṣe àìsàn. Pé ìbọn ni. Pé ẹni tó yìn ín kò mọ̀ pé èèyàn ni. Mo sì sọ ẹni tó yìn ín.

"Bàbá Oko yìí?"

"Òun ni."

"Tó ń sun iṣu fún mi?"

"Òun náà ni."

Kò sunkún. Ó dìde, ó lọ bá a, ó fi ebè kan sí àárín àwọn méjèèjì.

"Ṣé ẹ rí bàbá mi?"

"Mi ò rí i," ni ọkùnrin náà wí. "Èéfín ni. Koríko ni mo rí tó mì."

"Ẹ̀ bá pè é. Ì bá dá yín lóhùn."

"Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ǹ bá pè é."

Láti ọjọ́ tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Àwọn àgbà ní kádàrá ni. Pásítọ̀ ní kó fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Èmi, omi ni mo ń bù fún un mu. Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

Ọmọ mi padà wá dì mọ́ mi nídìí ìró. Kò sún mọ́ ọn mọ́ lọ́jọ́ náà, n kò sì fi ipá mú un. Nígbà tí mo ru agbọ̀n tán, tí a fẹ́ máa lọ, ọkùnrin náà ti tẹ̀ba sí ìdí ebè, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ọmọ mi dúró lójú ọ̀nà.

"Màmá, kò mọ̀ pé a ń lọ."

"Sọ fún un."

Ọmọ náà kò pè é ní Bàbá. "A ti ń lọ o!" ló kàn ké.

"Ó dàbọ̀ o," ni ọkùnrin náà dá a lóhùn, kò sì tíì lè yíjú sí wa.